Ìlú Tí Wọ́n Ní Ó Ti Rì

Omi ògì ò tíì hó tí sítóòfù fi kú.

Jọláadé tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó tún un tẹ̀, pàbó. Ìgbà náà ló wo ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì rí ohun tó fà á. Ìlẹ̀kẹ̀ ìgbé tí ìjọba Fálísúndì so mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ti wà ní tútù bí ewé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó sì ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ọsàn láti ìgbà tí òtútù ti wọlé, ti pupa bí ẹ̀jẹ̀ mọ́jú. Ilé ti mọ̀. Ní Fálísúndì, wọn kì í rán ọlọ́pàá sí àlejò tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ohun èlò ilé rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí i: iná ìdáná, lẹ́yìn náà omi gbígbóná, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìlú á ti di ògiri fún un.

Ìníolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, jáde láti yàrá pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó wo sítóòfù, ó wo ìyá rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí sítóòfù. Ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, nítorí pé ilé ìwé ló dúró fún un títí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Iná ràn lójú ẹsẹ̀.

Ojú ti Jọláadé. Kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa fi ọwọ́ ọmọ òun dáná.

"Màámi, ẹ máa búra lónìí, àbí?"

"Jẹ́ ká mu ògì ná."

"Ẹ ò dá mi lóhùn."

"Mo gbọ́ ọ, Ìní. Mu ògì ẹ kó tó tutù."

Ìbúra náà kò gùn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ níwájú ẹ̀rọ ní Ilé Àlejò, níbi tí ìjọba ti ń dá ẹjọ́ àwọn àlejò, wọ́n á fún un ní Ìwé Aláìnílùú, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ á tutù títí ayé, ọmọ rẹ̀ á wọ yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í mọ́ pé ìgbà wo ló ń lọ. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí Jọláadé ti ń kọ́ gbólóhùn náà lọ́kàn. Kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Orí odi ni wọ́n gbà lọ, nítorí ọkọ̀ ojú irin ò ní ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Odi òkun Fálísúndì ga, ó sì fẹ̀ débi pé ọkọ̀ ẹrù méjì lè ṣe alábàápàdé lórí rẹ̀ láìkanra. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń ru gùdù. Ìlú wà lọ́wọ́ òsì, nísàlẹ̀ réré, bí ìgbà téèyàn bá ń yọjú wo ìsàlẹ̀ kànga: òrùlé, ọgbà, pápá ìṣeré, gbogbo rẹ̀ ló rẹlẹ̀ ju omi lọ. Bí odi yìí bá fi lè sùn gbàgbé lálẹ́ ọjọ́ kan, kò ní sí Fálísúndì mọ́ tílẹ̀ bá fi mọ́. Jọláadé ni kì í jẹ́ kó sùn. Òun ni Ọ̀gá Odi. Bàájì fàdákà tó wà láyà rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ha ìkarahun òkun tó lẹ̀ mọ́ kọnkéré náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kí i bó ti ń kọjá. Àwọn tó rí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ yíjú sápá ibòmíràn, bí èèyàn ti í ṣe bó bá ṣèèṣì rí àgbà tó ń pààrọ̀ aṣọ.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Jọláadé, láti Omíṣọrẹ, ìlú àwọn apẹja tó wà létí òkun. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú náà. Ó jẹ etíkun, ó jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ ilé ìwé tí Jọláadé ti kọ́ á-bí-dí. Ìjọba ní kí wọ́n kó lọ sí àgọ́ lókè ilẹ̀. Àwọn ará Omíṣọrẹ ní àwọn ò lọ. Wọ́n so ọ̀pá ọparun mọ́ àgbá, wọ́n kọ́lé lé e. Nígbà tí ọwọ́ ròkè díẹ̀, wọ́n da kọnkéré oníhò nínú tó ń léfòó, wọ́n so ilé mọ́ ilé, wọ́n fi ìdákọ̀ró dì wọ́n mọ́sàlẹ̀. Bí omi bá ga, ìlú á ga. Bí omi bá fà, ìlú á sọ̀. Àmọ́ nínú gbogbo àwòrán ayé, omi lásán ni wọ́n yà síbẹ̀. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn ni Jọláadé bá lọ kọ́ iṣẹ́ odi, ìbínú náà ló gbé e dé àríwá ayé pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì lẹ́yìn.

Ìpè dún létí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ọma mi, ṣé o ti débẹ̀?" Ìró òòlù ń dún lẹ́yìn màmá náà, omi sì ń gbá nǹkan.

"Mo ń lọ lọ́wọ́, Màmá. Ẹ ò sinmi láàárọ̀ yìí?"

"Sinmi kẹ̀? Orí ibojì bàbá ẹ ni mo ti ń bọ̀. Mo lọ tu koríko. Ṣé o gbọ́? Koríko ti hù níbẹ̀! Mo tu ú tán, mo wá ń rò ó pé bóyá kí n ti fi sílẹ̀."

Jọláadé rẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú rẹ̀, kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Kò tíì pé ọdún tí bàbá rẹ̀ kú. Ìlẹ̀kẹ̀ Jọláadé ti ń pọ́n nígbà náà. Àlejò tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bá ń pọ́n tó jáde kúrò nílùú, kò ní wọlé mọ́. Ojú fèrèsé ẹ̀rọ ló ti wo ìsìnkú bàbá rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ yẹn..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ikúẹ̀san ti sọ ọ́, àwọn ọmọ Ẹ̀bìjà náà ti sọ ọ́. N kò bá ẹnì kankan jà." Òòlù dákẹ́ díẹ̀. "Sọ ohun tó bá máa jẹ́ kó o rí oorun sùn. Bó o bá ní a ti kú, a ò ní torí ẹ̀ kú."

Jọláadé gé ìpè náà. Ì bá sàn kí màmá ti bẹ òun.

Lórí àtẹ̀gùn Ilé Àlejò, Lọ́yà Fìjàbí ń dúró dè wọ́n, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹ̀wù òtútù rẹ̀ jọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti pẹ́ ní Fálísúndì, òun ló sì ń bá púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ṣe ọ̀ràn ìwé ìgbé. Òun fúnra rẹ̀ ti búra láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá Odi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gùn. Ẹ wọlé, ẹ sọ pé, 'Mo gbà pé ìlú mi ti rì.' Ó tán."

"Má-purọ́ ńkọ́?" Orúkọ tí àwọn ọmọ Yorùbá sọ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ nìyẹn. "Kò ní mú mi?"

"Ọ̀fun ni Má-purọ́ ń gbọ́, kì í gbọ́ èrò inú. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín wà lára ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́. Ilẹ̀ Omíṣọrẹ rì àbí kò rì?"

"Ó rì."

"Ẹ ti purọ́ báyìí?"

Jọláadé wò ó. "Lọ́yà, àwọn ọmọ Omíṣọrẹ tó ti búra, ṣé wọ́n ti pọ̀?"

Fìjàbí wo bàtà ara rẹ̀. "Wọ́n pọ̀."

"Bí iye tí òfin là sílẹ̀ bá kún ńkọ́?"

"Bó bá kún, wọ́n á fi ìlà pa orúkọ ìlú náà rẹ́ nínú Ìwé Ìlú Ayé. Wọ́n á kó àwọn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ lọ sí àgọ́. Omi ibẹ̀ á di ti ẹni tó bá lówó láti ri òpó tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mọ́ ọn."

"Ṣé tèmi ló máa kún un?"

"Ó lè jẹ́ tiyín. Ó lè má jẹ́ tiyín. Ta ló mọ̀?"

"Nígbà tẹ́nì kankan ò mọ̀," Ìníolúwa dá sí i, ohùn rẹ̀ sì gbóná, "kí ló wá ń dà wá láàmú? Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹlòmíì á sọ ọ́. Ibi tí mi ò rántí ojú ẹ̀ lẹ fẹ́ torí ẹ̀ ba ayé mi jẹ́?"

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Jọláadé ì bá wí i pé kò sí ọmọ tó ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lónìí kò wí i. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

"Bí mi ò bá búra, Lọ́yà?"

"Áà." Fìjàbí mí kanlẹ̀. "Ẹ ó tọrọ Ìwé Ọlọ́dún nìyẹn. Ọdún kan, ọdún kan lẹ ó máa tún un ṣe. Àlejò ọlọ́dún ò sì lè ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìlú, ẹ gbàgbé bàájì yẹn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé wọn kì í fún ẹni tí kò ní ìlú tó máa padà sí. Bí ẹ ò bá búra, tí wọ́n wò ó tí ìlú ò sí, ọkọ̀ ọ̀sán ló kàn: Àgọ́ Ìdúró, láàárín agbami. Mo mọ ọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi gbéyàwó."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìlú wà?"

"Òfin àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bí ọmọ sí, tí wọ́n sì sin òkú sí láàárín ọdún kan, ìlú ni. Àmọ́ ta ló ń sin òkú sínú omi? Gbogbo àwọn tí ìlú wọn rì tí wọ́n gbìyànjú ẹ̀, ibi òkú yẹn ni wọ́n ti kọsẹ̀. Òkè ilẹ̀, lábẹ́ ìlú ẹlòmíì, ni wọ́n ń gbé òkú wọn lọ." Ó di apá rẹ̀ mú. "Àjò kì í dùn kónílé má relé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a fẹ́ re dà? Ẹ wọlé lọ búra, arábìnrin mi."

Jọláadé yọ apá, ó wọlé. Nǹkan kan ti dìde láyà rẹ̀ láti ìgbà tí lọ́yà ti dárúkọ òkú, ó sì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

Gbọ̀ngàn náà kún. Orí àga gígùn ni àwọn àlejò jókòó sí, oníkálùkù pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ pupa, ẹjọ́ ẹnì kan sì ni gbogbo wọn ń gbọ́. Níwájú ni obìnrin kan wà lẹ́yìn tábìlì, Hẹ́lígà lorúkọ rẹ̀, arúgbó díẹ̀, àárẹ̀ wà lójú rẹ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ òru. Má-purọ́ rọ̀ lókè orí rẹ̀ bí àwo dúdú, iná funfun kan tàn láàárín rẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá purọ́, iná náà á kú.

"Jọláadé Orímisàn," Hẹ́lígà wí. "Ọ̀gá Odi. Mo mọ̀ yín. Ẹ lè fi èdè tó bá wù yín sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á túmọ̀ rẹ̀."

"Èdè mi ni màá sọ."

"Ó dáa. Ẹ sọ gbólóhùn náà, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. A nílò yín lórí odi."

Jọláadé la ẹnu. Ó gbìyànjú láti ronú kan ilẹ̀ bí lọ́yà ti kọ́ ọ. Ó ronú kan etíkun àtijọ́, ilé ìwé, àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Lóòótọ́ ni gbogbo wọn ti rì. Àmọ́ ìró òòlù tó gbọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ láàárọ̀ kò kúrò létí rẹ̀. Ẹnì kan ń kọ́lé. Ẹnì kan jí lówùúrọ̀ yìí ní ìlú tó ti rì, ó mú òòlù, ó ń fi ilé kún ilé.

"Mi ò lè sọ ọ́," ó ní.

Ìníolúwa pòṣé, ó bojú.

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ?" Hẹ́lígà béèrè.

"Mo gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ìlú mi ló rì. Ìlú mi kò rì. Ìwé Ọlọ́dún ni mo fẹ́."

Kíkùn sọ láàárín gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn, Fìjàbí di orí mú. Hẹ́lígà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ìyáàfin, ọkọ̀ ọ̀sán ti wà ní èbúté. Bí ẹ ò bá lè fi ìlú hàn mí, n kò ní agbára láti gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mọ òfin? Ìbí àti ìsìnkú?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi pe Omíṣọrẹ."

Wọ́n pè é. Ògiri gbọ̀ngàn tàn, ojú ìyá Jọláadé sì kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dókè, pẹ̀lú gèlè àárọ̀ tó wé gbàgẹ̀rẹ̀ àti eyín iwájú kan tí kò sí mọ́.

"Kí ló dé? Wọ́n ti lé ọ?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní kí ẹ fi ọmọ tuntun hàn wọ́n, ọmọ tí wọ́n bí sílùú lọ́dún yìí."

"Ọmọ tuntun? Èwo nínú wọn?" Màmá yíjú, ó kígbe pe aládùúgbò. Obìnrin kan gbé ọmọ jòjòló dé láti ilé kejì, ó ń mì lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ń mì. Ọmọ náà yán níwájú gbogbo àlejò tó wà ní Fálísúndì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Iná Má-purọ́ funfun báláú.

"Ìbí nìyẹn," Hẹ́lígà wí. "Òkú ńkọ́?"

"Màmá," ni Jọláadé wí, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́, "ẹ mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá mi."

Màmá wo ojú ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ó gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, ó mú àjẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nàró bó ti ń tukọ̀, àjẹ̀ ń wọ omi láìdún. Lára ògiri gbọ̀ngàn, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá: ilé aláwọ̀ búlúù, ilé aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, ewúrẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ fárándà, ẹja tí wọ́n sá, ilé ìwé tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń ka nǹkan lákàpọ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ilé ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìgbì, bí àyà ẹni tó ń sùn.

"Màmá Jọláadé, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" ọkùnrin kan ké láti orí òrùlé, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi ni! Wọ́n ní a ò sí mọ́!"

"A ò sí báwo? Ẹ ní kí wọ́n wá jẹun!"

Ẹ̀rín bú nílé, ó bú ní gbọ̀ngàn. Hẹ́lígà fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà náà ni òkìtì kan yọ láàárín omi. Odi kọnkéré roboto ló yí i ká, iyẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀ dé ètè, koríko díẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ màmá kò tíì dé. Lórí iyẹ̀pẹ̀ náà ni ibojì kan wà. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i ni Orímisàn, ọdún tí wọ́n kọ sí i sì ni ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yìí.

"Bàbá mi ni," Jọláadé wí. "Ó ní òun ò ní sùn nílẹ̀ onílẹ̀. Bí ó ti ń ṣàìsàn, àwọn ará ìlú ń fi ọkọ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ láti Ìgbókòdá, lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀, tọmọdé tàgbà. Èmi ni mo ya odi tó yí i ká. Ìhín ni mo ti yà á, mo fi ránṣẹ́, wọ́n sì dà á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a sin síbẹ̀."

Iná Má-purọ́ kò ṣẹ́jú.

Hẹ́lígà wo ibojì náà pẹ́. "Ìyáàfin," ó wí níkẹyìn, kò sì dà bí ẹni tó wù láti sọ ọ́, "ilẹ̀ àfọwọ́dá ni. Wọ́n máa bi mí lókè. Wọ́n á ní ilẹ̀ tí ènìyàn dà sínú omi kì í ṣe ilẹ̀ ìlú."

"Ibi tí ẹ jókòó sí yìí ńkọ́?"

Hẹ́lígà wo abẹ́ àga rẹ̀.

"Èmi ni mo ń ṣọ́ odi yín," Jọláadé wí. Kò pariwo. "Àwọn òbí òbí yín ló gbọ́n omi kúrò níbí, tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i, tí wọ́n fi odi yí i ká, tí wọ́n sì sin òkú wọn sínú rẹ̀. Àga tí ẹ wà lórí rẹ̀ yìí, ìsàlẹ̀ òkun ló wà. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Fálísúndì kì í ṣe ìlú rí. Ohun tí ẹ̀yin ṣe náà ni àwọn èèyàn mi ṣe. Tiwa kéré sí i, nítorí apẹ̀rẹ̀ la fi kó o. Bí tiyín bá jẹ́ ìlú, tiwa jẹ́ ìlú."

Gbogbo ojú ló wà lára àwo dúdú tó rọ̀ lókè. Funfun ni, báláú.

Hẹ́lígà fi ẹ̀yìn ti àga. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò rántí bí wọ́n ti ń ṣe é nídìí iṣẹ́. Ó fa Ìwé Ìlú Ayé síwájú rẹ̀ lórí gíláàsì tábìlì, ó sì yíjú sí Ìníolúwa.

"Ọmọ, dìde. Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé ìlú yín ṣì wà, kò sẹ́ni tó lè fi í búra mọ́, ìwọ náà ò sì ní rí Ìwé Aláìnílùú gbà láéláé. N kò tíì kọ ọ́. Bó o bá fẹ́ búra, ìsinsìnyí ni."

Jọláadé ò wo ọmọ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó di ọwọ́ mọ́ra. Bí ọmọ náà bá búra, òun ò ní bá a jà. Ìyá tòun náà ò bá òun jà.

Ìníolúwa dìde. Ó wo ògiri, níbi tí màmá àgbà ti jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lẹ́bàá ibojì, tó ń fi ìka tu koríko tó ṣẹ́ kù.

"Màmá Àgbà," ó pè é, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. "Mo rí ilé ìwé níbẹ̀."

"Hẹ̀n-ẹ́n? Ó wà o. Àmọ́ ìwọ lo máa wa ara ẹ lọ. Ṣé o mọ ọkọ̀ wà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n wà."

"Hà! Jọláadé, kí lo wá ń kọ́ ọmọ yìí ní gbogbo ọdún yìí?"

Ẹ̀rín jáde lẹ́nu ọmọ náà láìròtẹ́lẹ̀, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Ó nujú pẹ̀lú apá aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ó kọjú sí Hẹ́lígà.

"Omíṣọrẹ ni ìlú mi," ó ní. "Àmọ́ inú ń bí mi sí màámi, mi ò sì rántí ibẹ̀ rárá. Ẹ kọ ìyẹn náà sí i."

Iná náà funfun. Hẹ́lígà kọ ọ́.

Kò sí ariwo nígbà tí orúkọ ìlú náà tàn lójú ìwé. Ìlẹ̀kẹ̀ Jọláadé kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ eérú, àwọ̀ àlejò ọlọ́dún. Hẹ́lígà na ọwọ́, Jọláadé sì mọ ohun tó ń béèrè. Ó ṣí píìnì bàájì fàdákà náà, ó gbé e lé tábìlì. Ó ti fi í sáyà pẹ́ débi pé ojú ibi tó wà lára ẹ̀wù ṣì dúdú ju ibòmíràn lọ. Ó dùn ún. Kò fi pa mọ́ fún ara rẹ̀ pé ó dùn ún. Àmọ́ bó ti ń bọ̀ láàárín àga, àwọn àlejò ń dìde fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ àti ẹni tí kò gbọ́, ó sì rìn láàárín wọn bí ẹni tó ní ilé.

Lọ́yà Fìjàbí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó fẹ́ kí i kú oríire, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá Odi," ó ní, "ẹ ò lè bá mi ya odi bíi irú yẹn? Kékeré ni o. Bàbá tèmi náà ò fẹ́ràn òkè ilẹ̀."

"Ẹ sọ bí omi ibẹ̀ ti jìn fún mi," Jọláadé wí, "màá yà á."

Orí odi ló padà sí tààrà, nítorí iṣẹ́ ń dúró. Ìníolúwa tẹ̀ lé e. Kò sọ ìdí tí kò fi lọ sílé ìwé, ìyá rẹ̀ ò sì béèrè. Mátíàsì, igbákejì rẹ̀, ọmọ Fálísúndì gan-an, ti gbọ́ ìròyìn. Ó dúró nídìí géètì pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó sì ń wò bí ẹni tó jalè.

"Ọ̀gá," ó ní.

"Ìwọ lọ̀gá báyìí, Mátíàsì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ó nawọ́ sí ọkọ́ tó fara ti ògiri, kò lè wò ó lójú. Jọláadé gbé ọkọ́ léjìká, ó na ìlẹ̀kẹ̀ eérú sí géètì.

Kò mọ òfin yìí tẹ́lẹ̀. Níbikíbi tí àlejò ọlọ́dún bá ti wọ̀, ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ sókè, kí àwọn ọmọ onílùú lè mọ̀ pé kì í ṣe ara wọn. Ohùn géètì náà gba orí odi kan, tọ̀tún tòsì:

"Jolaade Orimisan. Àlejò. Ìlú rẹ̀: Omisore."

Àwọn òṣìṣẹ́ wolẹ̀, ojú tì wọ́n fún un. Ìníolúwa ni kò wolẹ̀. Ó sún mọ́ géètì náà, ó dojú kọ ọ́.

"O pè é sódì," ó sọ fún un. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé lọ́rọ̀. "Omíṣọrẹ."

"Omisórè," ni géètì wí.

"Rárá. Gbọ́ dáadáa. O-mí-ṣọ-rẹ."

Mátíàsì náà gbìyànjú rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n, ó kọsẹ̀, ó tún un ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé orúkọ náà yẹ̀wò lẹ́nu bí oúnjẹ tuntun. Ìlà ti gùn lẹ́yìn wọn, kò sẹ́ni tó kùn. Jọláadé dúró pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, kò kánjú, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni géètì pe orúkọ náà, ó gbé ohùn síbi tó yẹ, ó sì sọ ọ́ síbi tó yẹ. Orúkọ náà gba orí odi lọ, ó dé inú ìlú nísàlẹ̀, ó dé orí òkun.

Ìgbà náà ni Jọláadé tó wọlé síṣẹ́.